Ìròyìn ìkẹyìn: ọmọ wa àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo béèrè nígbà tí a ń kó láti Ìbàdàn wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ wa ti gbà ní Nàìjíríà yóò wúlò níbí. Ó wúlò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ káàdì rẹ̀ wò ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti ibi tí a bá a dé, títí yóò fi kan ti èèyi àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní oṣù 9. Ó tún sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ẹ̀fọn, èyí tí Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní 2024. Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, nítorí ẹ̀fọn etí ọ̀sà yìí pọ̀.

Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n rárá, ìyá onílé wa sì ti sọ ọmọ náà di ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe di káàdì àjẹsára mọ́ ẹrù. Ọwọ́ yín ni kí ó wà títí ẹ ó fi kọjá ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn.