Ẹ̀yin onífọ́tò, ta ni àjèjì àkọ́kọ́ tó sanwó fún yín, báwo ló sì ṣe rí yín?

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ni. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, mo ti ya gbogbo wọn tán, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ó dára. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tó máa fi owó ara rẹ̀ pè mí síṣẹ́, n kò tíì rí i. Mo wà lórí Instagram, mo ń gbé àwòrán síbẹ̀ déédéé, àwọn onífọ́tò bíi tèmi nìkan ló ń kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn inú ìwé ni mo ń wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ.

Fìlàṣì
Níbi ìgbéyàwó tí ẹlòmíì gbaṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi ń bá a gbé iná.

Rẹ́rìn-ín_Díẹ̀
Aránṣọ ló là mí lọ́nà. Obìnrin kan ni, aṣọ ìyàwó ló máa ń rán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló fi ń ya á. Á gbé aṣọ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, iná gílóòbù á sì sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ìyeyè. Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ya ẹyọ kan nínú àwọn aṣọ yìí kí ẹ wò ó." Mo gbé aṣọ sún mọ́ fèrèsé, mo pa gílóòbù. Nígbà tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe hàn kedere lára aṣọ náà, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, kò dá a padà bọ̀rọ̀.

A wá ṣàdéhùn. Mo máa ya aṣọ tuntun tó bá rán, n kò ní gbowó. Òun náà á gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri yàrá tí àwọn ìyàwó ti ń wọ aṣọ wò, orúkọ mi àti nọ́ńbà mi á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ń wọ aṣọ ìyàwó wò, ó ti mú ọjọ́, ó ti ya owó sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì ní onífọ́tò. Ibẹ̀ ni àjèjì àkọ́kọ́ ti pè mí. Títí dòní, iṣẹ́ tó ń ti ara ògiri yẹn wá pọ̀ ju èyí tó ń ti orí fóònù wá lọ.

Ọmọ_Sítúdíò
"N kò ní gbowó." Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ tún ti dé o!

Rẹ́rìn-ín_Díẹ̀
Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ògiri ni mo gbà dípò owó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé pátákó ìpolówó síbi tí àwọn ìyàwó ń gbà kọjá, ṣé kò ní sanwó ni?

Ọmọ_Sítúdíò
Tiyín lójú torí pé ẹ rí nǹkan gbà. Ẹ gbọ́ tèmi. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti yẹtí tà. Kò lówó lọ́wọ́, mo mọ̀, mo ní kò burú. Mo ya ọjà rẹ̀, mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn àwòrán yẹn ló gbé ọjà rẹ̀ kiri tó fi tà wàràwàrà, tó fi gba ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ọjọ́ tí owó dé, tó fẹ́ àwòrán gàgàrà tó máa gbé kọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù, onífọ́tò mìíràn ló pè. Owó gidi ló san fún onítọ̀hún. Èmi, ìwé ìpè síbi ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù náà ló fi ránṣẹ́ sí mi, pé kí n wá bá òun yọ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà ló kọ ọ́ sí pé kí n jọ̀ọ́, kí n mú kámẹ́rà mi dání.

Ìbòòji
Háà! KÍ N MÚ KÁMẸ́RÀ MI DÁNÍ!

Fìlàṣì
Inú mi ru bí ẹni pé èmi ni wọ́n ṣe é fún.

Aláwọ̀_Méje
Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà níbi ayẹyẹ kan. Wọ́n ní àwọn máa polongo orúkọ mi dípò owó. Lóòótọ́ ni wọ́n polongo rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá pè mí lẹ́yìn náà ló ń béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ti lágbájá lọ́fẹ̀ẹ́?" Ìròyìn tó dé etí wọn nìyẹn. Wọn ò sọ fún wọn pé mo mọṣẹ́.

Òjìji
Ọmọ_Sítúdíò, ṣé ẹ bi obìnrin yẹn léèrè ìdí tó fi pe ẹlòmíì?

Ọmọ_Sítúdíò
Mo bi í. Ó ní òun rò pé mo kàn fẹ́ràn fọ́tò ni, òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ náà ni mo fi ń jẹun.

Òjìji
N óò sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ yín: mo gba obìnrin náà gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ iye rí, kò sí bó ṣe máa mọ̀ pé nǹkan náà níye. Bí mo bá máa ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni láìgbowó, mo máa ń kọ ìwé owó fún un bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún ẹni tó ń sanwó. Iye iṣẹ́ náà gan-an á wà lókè, iye tí mo yọ kúrò á tẹ̀ lé e, òdo á wà nísàlẹ̀. Ìgbà mìíràn tó bá padà dé, ó ti mọ iye tó wà lókè yẹn.

Ọmọ_Sítúdíò
Pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́: ẹ ń di ẹ̀bi rù mí. Ẹni tó jèrè iṣẹ́ mi mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ìbòòji
Ẹ̀yìn Ọmọ_Sítúdíò ni mo wà. Àmọ́ mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé owó yẹn o.

Ẹyọ_Kan_Ṣoṣo
Irú kámẹ́rà wo lẹ ń lò, Rẹ́rìn-ín_Díẹ̀?

Àgbà_Dúdú_Funfun
Fíìmù ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Onífọ́tò kan wà ní Bamako, ní Mali, Malick Sidibé lorúkọ rẹ̀. Láwọn ọdún 1960, tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń jó ní òru, òun náà á gba ibẹ̀ lọ, á ya wọ́n tijótijó. Tó bá kúrò níbẹ̀, kò ní sùn. Á fọ fíìmù, á tẹ àwọn àwòrán kéékèèké, á lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, á sì gbé e síta níwájú sítúdíò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á wá ṣù bò ó láti wá ojú ara wọn, ẹni tó bá rí tirẹ̀ á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fóun. Ẹni yìí ló gba ẹ̀bùn Hasselblad, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onífọ́tò lágbàáyé, ní 2003, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Kò dúró kí ijó tutù. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò òde òní ni pé wọ́n á ya ayẹyẹ lónìí, oṣù méjì á kọjá kí wọ́n tó fi àwòrán hàn. Nígbà yẹn, ta ló ṣì ń sọ̀rọ̀ ayẹyẹ ọ̀hún?

Aláwọ̀_Méje
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, mo máa ń mú àwòrán bíi mélòó kan, mo máa ń tún wọn ṣe, mo sì máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí olóde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbé e sórí status WhatsApp rẹ̀. Wákàtí 24 péré ni status ń lò kó tó parẹ́, àmọ́ láàárín wákàtí náà, àwọn tó ní nọ́ńbà rẹ̀, tí òun náà sì ní tiwọn, ló ń rí i, wọ́n sì ń béèrè ẹni tó ya á.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ o: tí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ó máa fún un pọ̀, ó máa dín dídán rẹ̀ kù. Ibi tí wọ́n kọ "Document" sí ni kí ẹ gbà fi í ránṣẹ́.

Ìbòòji
Ṣé ẹ máa ń kọ orúkọ yín sára rẹ̀?

Aláwọ̀_Méje
Ní igun ìsàlẹ̀, kékeré.

Ẹyọ_Kan_Ṣoṣo
Àárín gbùngbùn ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Igun ni wọ́n máa ń gé dànù.

Aláwọ̀_Méje
Tí mo bá kọ orúkọ gàdàgbà sí àárín, orí imú ìyàwó ni orúkọ mi máa wà. Ta ló máa gbé irú ẹ̀ sórí status? Ohun tí mò ń wá ni pé kí wọ́n gbé e kiri.

Ẹyọ_Kan_Ṣoṣo
Kí wọ́n gbé e kiri láìsí orúkọ yín ńkọ́? Wọ́n gé tèmi, wọ́n fi ta ọjà. Orúkọ mi tó fara pa mọ́ sínú fáìlì àwòrán náà kò ràn mí lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ ìkànnì ló máa ń yọ ọ́ kúrò tí èèyàn bá ti gbé àwòrán síbẹ̀.

Òjìji
Ẹ̀yin méjèèjì kò sọ nípa ohun kan kí ẹ tó gbé àwòrán síta: ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbà? Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àmọ́ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ onífọ́tò lórí iṣẹ́ náà kò sọ pé ẹ láṣẹ láti fi ojú ẹlẹ́ni polówó. Pàápàá ojú ọmọdé. Ìlà kan péré ni mo fi sínú ìwé àdéhùn mi, pé mo lè lò ó láti fi ṣàfihàn iṣẹ́ mi, oníbàárà á mú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá mú bẹ́ẹ̀ kọ́, n kì í bi í léèrè ìdí.

Ìbòòji
Ẹ wá dá mi lóhùn nípa ti Google. Mo gbọ́ pé tí èèyàn bá ní Business Profile níbẹ̀, ìyẹn ojú ewé tó ń fi iṣẹ́ èèyàn hàn lórí Google, tí àwọn oníbàárà sì kọ ọ̀rọ̀ rere sí i, àjèjì á máa rí i. Mo fẹ́ máa fún ẹni tó bá kọ ọ́ ní àwòrán ńlá kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Rẹ́rìn-ín_Díẹ̀
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Google kò gbà kí á fún èèyàn lówó, ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó nítorí kó lè kọ ọ̀rọ̀. Wọ́n lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ kàn béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá kó àwòrán fún un, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, kí ẹ sì fi líǹkì ibẹ̀ ránṣẹ́ kó má baà máa wá a kiri.

Ọmọ_Sítúdíò
Fìlàṣì, mo fẹ́ padà sí tiyín. Iná lẹ ń gbé, ẹ wá rí oníbàárà níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ẹ gba oníbàárà ọ̀gá yín?

Fìlàṣì
Rárá o! Àlejò kan wá bá mi, ó ní àwọn náà máa ṣègbéyàwó, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mi. Káàdì ọ̀gá mi ni mo fún un. Ó pe ọ̀gá, ọ̀gá sì ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní, "Pe ọmọ tó fún ẹ ní káàdì yìí." Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ tó bá ti ju agbára rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń darí ẹ̀ sí.

Ọmọ_Sítúdíò
Ìyẹn dára. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ń ronú aránṣọ tí mo máa lọ bá. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé! Ẹnì kan fẹ́ kí n ya ayẹyẹ ìdílé rẹ̀. Ó ní òun wà ní ilé ìwòsàn, òun ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun máa fi ìwé sọ̀wédowó ránṣẹ́, owó inú rẹ̀ á ju tèmi lọ, kí n bá òun san ìyókù fún ẹni tó ń ṣètò ayẹyẹ náà.

Aláwọ̀_Méje
ÈRÚ NI!!!

Òjìji
Ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ máa rí owó náà nínú àkáùntì yín lóòótọ́, ẹ máa san ìyókù fún "olùṣètò" tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ni báǹkì á wá rí i pé ayédèrú ni sọ̀wédowó náà, wọ́n á sì yọ gbogbo owó náà padà. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín san ti lọ nìyẹn. Àwọn onífọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ ni wọ́n máa ń dọdẹ.

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀
Àyà mi já. Mo ti fẹ́ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí i.

Àgbà_Dúdú_Funfun
Ọmọ mi, oníbàárà tòótọ́ á béèrè irú àwòrán tí ẹ máa ń yà. Ṣé ó béèrè?

Ìmọ́lẹ̀_Àárọ̀
Kò béèrè, Bàbá. Kò tilẹ̀ dárúkọ mi.

Fìlàṣì
Kí ẹ tó dínà mọ́ ọn, ẹ ya ojú fóònù yín, kí ẹ gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà síbí. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí fóònù ẹlòmíì nínú wa.

Ìbòòji
Ó wà lórí tèmi. Ọ̀rọ̀ kan náà, ilé ìwòsàn kan náà. Mo ń gbé e bọ̀.