Ẹ gbà mí o: GPS mi àti máàpù àtijọ́ ò bára mu, áàpù wo ni kí n lò?

Àdìgún_Lóko: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àmì 17 ni mo fi GPS ọwọ́ gbà, UTM ni gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà mítà sí ìlà-oòrùn àti àríwá. Mo gbé wọn lé máàpù bébà tí wọ́n fún wa, kò sí ọ̀kan tó bọ́ síbi tó yẹ. Afárá tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi dúró lé lórí, nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sáàárín oko lórí máàpù. Ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ kànga ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Áàpù wo ló lè tún un ṣe? Èyí tí kò gba owó ni o. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí.

Ìwọ̀n_Kìí_Parọ́: Minna ni, ìyẹn datum (ìpìlẹ̀ ìwọ̀n) tí wọ́n fi ya máàpù àtijọ́ Nàìjíríà. Wọ inú setting, wá "Map Datum", yan Minna, ó parí. Ojoojúmọ́ la ń dáhùn ìbéèrè yìí níbí.

Ọmọ_Sátẹ́láìtì: Minna kọ́. Ẹ̀rọ rẹ ni kò tíì rí sátẹ́láìtì tó. Dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, jẹ́ kó mú ìpíndọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe lábẹ́ igi lọ́jọ́sí.

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Ọmọ_Sátẹ́láìtì, bó bá jẹ́ ti sátẹ́láìtì ni, ọ̀kan á yẹ̀ sọ́tùn-ún, òmíràn á yẹ̀ sósì, mítà díẹ̀ sì ni. Àdìgún, ṣé apá kan náà ni gbogbo wọn yẹ̀ sí? Báwo ló ṣe jìnnà tó?

Àdìgún_Lóko: Apá kan náà ni, sà. Àríwá, ó tún tẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mìlímítà mẹ́rin ààbọ̀. Máàpù 1:50,000 ni. Áàpù wo, ẹ jọ̀ọ́?

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Ìyẹn ni bíi 225 mítà. Ọ̀rọ̀ datum ni lóòótọ́. UTM tí o ń pè yẹn, ọ̀nà tí a ń gbà kọ nọ́ńbà lásán ni. UTM wà lórí WGS84, èyí tí GPS ń lò, ó sì wà lórí àwọn datum àtijọ́. Nọ́ńbà kan náà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wo etí máàpù nísàlẹ̀, kí o sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìyá_Alápò: Kí Àdìgún tó fọwọ́ kan setting kankan, kó gbọ́ tèmi. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbé iṣẹ́ òpó ààlà fún mi. Ẹni tó lo GPS yẹn ṣáájú mi ti yí i sí datum àtijọ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo ń da nọ́ńbà kọ sínú ìwé. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó yí i láti WGS84 sí datum máàpù. Nọ́ńbà tó ti yí tẹ́lẹ̀, mo tún yí i! Òpó 11 ló bọ́ sínú ilẹ̀ onílẹ̀. Bàbá náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n jókòó lórí sìmẹ́ńtì wa, wọ́n ní a kò ní gbé e. Ilé iṣẹ́ yọ owó tí wọ́n fi hú òpó nínú owó mi. Mo ṣì ní òpó kan lẹ́yìnkùlé mi dòní, aṣọ ni mo ń sá lé e.

Bọ̀dé_Mápọ́ìntì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Aṣọ ni ẹ ń sá lé e kẹ̀!

Awọnlẹ̀_Àgbà: Ẹ má bínú mà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín ni. Orúkọ datum ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìwé, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.

Ìyá_Alápò: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò ṣe àṣìṣe rí, ẹ kú orí ire. Ta ló yí ẹ̀rọ láìsọ?

Awọnlẹ̀_Àgbà: Ẹni tó yí i jẹ̀bi. Ẹni tí kò wò ó kí ó tó lò ó náà jẹ̀bi.

Bọ̀dé_Mápọ́ìntì: Ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi jù. Ta ní ń gbé ẹ̀rọ kan fún èèyàn mẹ́ta láìsí ìwé tó ń tẹ̀ lé e?

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Ẹ jẹ́ n fi èyí sí i: ohun tí ẹ̀rọ ń fi hàn lójú ni setting ń yí. Nínú ikùn rẹ̀, WGS84 ló ń tọ́jú. Bí ẹ bá fa fáìlì GPX jáde nínú rẹ̀, WGS84 ni yóò jẹ́, ohunkóhun tó wù kí ẹ yàn lójú. Ẹni tó bá fa fáìlì kò ní kó sínú ọ̀fìn tí ìyá wa kó sí. Ẹni tó bá ń fi bírò da á kọ ni kó ṣọ́ra.

Ará_Òkè_Òkun: Ẹ ń dá ara yín láàmú. Mo lọ dúró lórí ìlà Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlà odo tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò lé, mo wo fóònù mi, kò sí ní odo! Odo ti GPS wà ní nǹkan bíi 102 mítà sí ìlà-oòrùn ibẹ̀, nínú ọgbà.

Bọ̀dé_Mápọ́ìntì: Ó dùn gbọ́. Kí ni Àdìgún máa fi ṣe láàárọ̀ ọ̀la?

Omi_Tútù: Kànga lẹ sọ, àbí? Ṣé ẹ ti yanjú ti gíga? Gíga tí sátẹ́láìtì ń wọ̀n kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Nínú òkun tó wà ní gúúsù Íńdíà, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní 100 mítà. Lọ́dún 2003, afárá kan ní Laufenburg láàárín Jámánì àti Switzerland, ojú òkun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń wọ̀n gíga fi 27 sẹ̀ntímítà yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n o! Wọ́n wá fi í kún níbi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́, ni ẹ̀gbẹ́ kan bá fi 54 ga ju èkejì.

Àdìgún_Lóko: Èmi kò bèèrè gíga, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti wo etí máàpù. Clarke 1880 ni wọ́n kọ.

Ìwọ̀n_Kìí_Parọ́: Ǹjẹ́ n kò sọ bí! Clarke 1880, Minna nìyẹn. Tẹ -92, -93, 122 sí i, iye mítà tí a fi ń sún un sí WGS84, kí o lọ sùn.

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Má tíì lọ sùn. Clarke 1880 kì í ṣe datum, òun ni ellipsoid, ìyẹn bí wọ́n ṣe gbà pé ayé rí àti bó ṣe tóbi tó. Minna ń lò ó, Leigon ti Ghana ń lò ó, àwọn mìíràn náà ń lò ó. Èèyàn méjì lè ra irú ìkòkò kan náà, kí oníkálukú gbé tirẹ̀ ka ààrò ọ̀tọ̀. Ààrò yẹn ni datum. Ohun mìíràn tún ń kọ mí lóminú: bí o bá gbé UTM ti WGS84 lé máàpù Minna ní Nàìjíríà, àríwá àti ÌWỌ̀-OÒRÙN ni yóò yẹ̀ sí. Tìrẹ lọ sí ìlà-oòrùn. Àdìgún, níbo lo wà gan-an?

Àdìgún_Lóko: Ṣé n kò sọ ni? Etiópíà ni, sà. Ìlà kejì etí máàpù ní Adindan, zone 37.

Ìwọ̀n_Kìí_Parọ́: Ta ni ì bá mọ̀ pé o ò sí nílé!

Bọ̀dé_Mápọ́ìntì: 😂😂😂

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Ó yé mi wàyí: Adindan ni datum máàpù rẹ. Ká ní o tẹ nọ́ńbà Minna ni, wàá ṣì fi bíi 135 mítà ṣìnà, ọkàn rẹ yóò sì balẹ̀ pé o ti tún un ṣe. Gba QGIS, áàpù máàpù fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Gbé àmì rẹ wọlé bí EPSG:32637 (UTM ti WGS84, zone 37), kí o yí i sí EPSG:20137 (UTM ti Adindan, zone 37). Bó bá bi ọ́ ní nọ́ńbà, -166, -15, 204 ni, láti Adindan sí WGS84. Mítà mélòó kan lè ṣẹ́ kù. Fi afárá yẹn dán an wò ná.

Ọmọ_Sátẹ́láìtì: Tàbí kó yan Adindan lójú GPS, kó tún padà lọ gba àmì 17 náà.

Awọnlẹ̀_Àgbà: Lóru?

Àdìgún_Lóko: Ẹ ṣeun gan-an. Kọ̀ǹpútà mi ti kú, iná ò sì sí. Afárá àti oríta kan hàn kedere lórí máàpù, mo sì ní àmì àwọn méjèèjì. Mo fi rúlà wá bí wọ́n ṣe yẹ̀ tó: bíi 90 mítà sí ìlà-oòrùn, 210 sí àríwá, méjèèjì bára mu. Mo fi kalikuléètọ̀ fóònù yọ ọ́ kúrò lára gbogbo 17. Wọ́n ti bọ́ síbi tó yẹ.

Ìwọ̀n_Kìí_Parọ́: Gbogbo ariwo tí a pa láti àárọ̀!

Tíṣà_Ẹlẹ́rọ: Ó yẹ kí n bínú, ṣùgbọ́n mo ṣírò tèmi fún apá àárín Etiópíà, 93 àti 208 ni mo rí. Yóò ṣiṣẹ́ lágbègbè kékeré tó yí ọ ká. Má fi nọ́ńbà yẹn ṣe iṣẹ́ níbòmíràn o.

Ìyá_Alápò: Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ orúkọ datum sórí ìwé yẹn kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án.

Àdìgún_Lóko: Mo ti kọ ọ́, mà. "Datum afárá."

Ìyá_Alápò: Yéè.