Háàdì díìsìkì mi ń dún tá-tá-tá, kọ̀ǹpútà ò sì rí i mọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ni mò ń yà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ṣàdédé mú iná lọ níbi tí mo ti ń kó iṣẹ́ pamọ́. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, Windows wọlé, torí orí SSD, ibi ìkópamọ́ mìíràn tí kò ní àwo tó ń yí, ló wà, àmọ́ háàdì 1TB tí mò ń kó àwòrán sí ti di àwátì. BIOS pàápàá, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà, ò rí i.

Mo ti pààrọ̀ okùn SATA tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tì í bọ ojú ihò mìíràn, mo tún pààrọ̀ okùn iná rẹ̀. Pàbó ni. Mo wá gbé etí lé e: ó ń yí, á dún tá-tá-tá, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gbé iná sí i mọ́, kí orí kékeré tó ń ka iṣẹ́ nínú rẹ̀ má baà ha àwo tí iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀.

Ẹnì kan ní ká tú u ní ṣọ́ọ̀bù, mo kọ̀, nínú eruku yìí kẹ̀? Òmíràn ní ká pààrọ̀ bọ́ọ̀dù iná tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé bọ́ọ̀dù lè fa irú ìró yìí? Ṣé a ò ní í kọ́kọ́ gbé ROM, ṣíìpù kékeré tó ń tọ́jú ètò háàdì náà, kúrò lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ sórí tuntun?

Àwòrán Ojúde Ọba ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ìyá àgbà kan tó ń jó nínú aṣọ òkè. Ìyá ti lọ, àwọn ọmọ wọn ò sì tíì gba fọ́tò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo lè gbé e fún láti ibí títí dé Èkó?