Mo ti Màláwì dé, ẹ̀rí wo ni kí n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹlẹ́rọ Omi

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mo ń ṣe. Láti Ìsánlú títí dé Kàbà, bí pọ́ǹpù bá kọṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ Kristẹni kan tí ìjọ wa ń bá ṣe pọ̀ ń wá àwọn tó mọ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tún ṣe, tí wọ́n lè bá wọn lọ Màláwì láìgba owó. Mo ní mo gbọ́, mo lọ.

Ìjì Freddy ló jà níbẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ̀bá Ọsirélíà lọ́hùn-ún ló ti ṣẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ó la òkun já, ó kọlu Madagásíkà, ó kọlu Mòsáńbíìkì, ó padà sójú òkun lọ gba agbára kún agbára, ó tún yà sí Mòsáńbíìkì lẹ́ẹ̀kejì kó tó wọ Màláwì. Ó lé ní oṣù kan tó fi ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò mọ ojúlé. Ẹrẹ̀ àti òkúta ya wálẹ̀ láti orí òkè, ó bo ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí ní Chilobwe, ní ìlú Blantyre. Ẹ ka àwọn tó kú mọ́ àwọn tí wọn ò rí, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Kọ́lẹ́rà sì ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àwa oníkànga lójú méjèèjì.

Phalombe ni wọ́n gbé wa lọ, lẹ́bàá òkè Mulanje. Ìgbà tí mo rí pọ́ǹpù tí wọ́n ń lò, mo rẹ́rìn-ín. Afridev ni, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá mi gan-an. Ẹrẹ̀ ti mu òmíràn dé ọrùn. A ó yọ ọ̀pá inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, a ó fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹrẹ̀ jáde, a ó da oògùn kílórììnì sí i, ó di ọjọ́ kejì kí a tó fa omi yẹn dànù títí òórùn oògùn á fi lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iṣẹ́ kan náà. N kò lè parọ́, iṣẹ́ náà kò le. Ilé ni mo ti kọ́ ọ.

Ohun tí n kò kọ́ nílé rèé. Ní abúlé kan, a dúró ti pọ́ǹpù, ọmọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ wa ń bi wọ́n pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá kan jáde láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó wọn sí. Ilé rẹ̀ ti lọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti lọ, àgbàdo tó kù díẹ̀ kó kórè ti lọ. Ó tú aṣọ tó ró, chitenje ni wọ́n ń pè é, ó sì yọ sípánà jáde níbi tó so ó mọ́ ìbàdí. Ìgbìmọ̀ kànga abúlé ló fi sí i lọ́wọ́. Sípánà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tú Afridev. Òun ló mú dání lóru tí omi ń lé wọn. Ó nu ún mọ́ aṣọ kó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni mo dé. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí à ń rà ní 200 lé díẹ̀ ti kọjá 500. Ta ló ráyè gbọ́ ti Màláwì? Àwọn tó ráyè, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní: “Kí lo kó bọ̀?” àti “Dọ́là mélòó ni wọ́n san?” Bí mo bá ní wọn ò san nǹkan kan, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ dá nìkan jẹ ẹ́.

Ìyẹn kò dùn mí tó èyí: pọ́ǹpù ẹ̀yìn ilé ìyá mi ti kú kí Kérésìmesì tó dé. Mo mọ̀ kí n tó lọ. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé wáṣà rọ́bà lásán ni, n ó wá ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sódò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ọmọ rẹ̀ wọ bàálù lọ ṣe kànga fún ìyá ẹlòmíràn. Mo béèrè pé sípánà dà, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bí òjò bá sì ti ń lu páànù báyìí lóru, mo ti jí nìyẹn. N ó jáde síta lọ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyàwó mi rò pé mo ń wá olè.

Pásítọ̀ wá ní kí n jẹ́ ẹ̀rí ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n kó fọ́tò wá, wọn yóò fi hàn lára ògiri. Ọ̀kan wà níbẹ̀, bàbá kan tó jókòó sórí òkúta níbi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ irú ìrìn báyìí rí, kí lẹ sọ nígbà tẹ́ ẹ dé?

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ́dún 2012 omi gba Lọ́kọ́ja. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó tún gbà á, ọ̀nà Ganaja di odò, tírélà tò sójú ọ̀nà Àbújá lọ́jọ́ mélòó kan láìlè kọjá. Ìbátan mi kó ọmọ mẹ́rin sínú kíláàsì kan pẹ̀lú ìdílé mẹ́fà mìíràn. N kò rí ẹni tó wọ bàálù wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà ò lọ, wákàtí mélòó sì ni láti Ìsánlú? Bí ẹ bá fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí, ẹ fi ìyẹn kún un.

Ìyá Àbíkẹ́ (Ẹ̀gbẹ́)

Ọmọ Ìjùmú, Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Nígbà tí Titcombe, òyìnbó míṣọ́nnárì, dé ọ̀dọ̀ wa ní 1908, ṣé gbogbo ará ilé tirẹ̀ ti yó ni? Bó bá ní kí òun kọ́kọ́ tán tiwọn, ta ni ì bá kọ́ bàbá bàbá mi ní ìwé? Ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́ja yẹn dùn mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó lọ ibì kan ló yẹ kí á dá lẹ́bi, ká sì fi àwa tí a ò lọ ibì kankan sílẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ o.

Ẹ̀yin Ẹlẹ́rọ Omi, ẹ ṣàlàyé fún ìyàwó yín pé kì í ṣe olè. Kò yẹ kó jẹ́ pé àwa tá à ń kà á níbí ti mọ̀, kí òun má tíì mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Kàbà

Ọmọ mi, okun. Mo ti fẹ̀yìntì, mo ráyè.

Mo wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà kó lọ Làìbéríà nígbà Ẹ́bólà, ní ìparí ọdún 2014. Nígbà tí mo dé, ọjọ́ 21 ni mo fi ń fi tẹmọ́mítà wo ara mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ náà pé, ara mi le, síbẹ̀ àbúrò mi obìnrin ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀. Abọ́ aláwọ̀ búlúù kan ni. Kò sọ nǹkan kan, n kò sì bi í. Lọ́jọ́ kan ṣá, mo rí i tó fi abọ́ yẹn bu ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti tán.

Wọ́n ní kí n jẹ́ ẹ̀rí. Mo jẹ́ ẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan bí a ṣe ń gbé òkú. Àwọn ìyá bú sẹ́kún. Bàbá kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé èló ni wọ́n ń san lójúmọ́. Mo padà sílé, n kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ́ ni pé èèyàn kì í kó gbogbo ẹrù sọ̀ lójú agbo. Mú ẹyọ kan. Ti sípánà yẹn tó, má fi òmíràn kún un.

Yọ fọ́tò bàbá yẹn kúrò. Bó bá jẹ́ bàbá tìrẹ ló jókòó sórí òkúta yẹn ńkọ́, tí wọ́n ń fi í han àwọn àjèjì lára ògiri?

Ti òjò, yóò lọ. Èmi, òórùn jíìkì ni. Ó ju ọdún kan lọ tí n kò lè fi fọ aṣọ. Bí kò bá lọ lẹ́yìn Ọdún Tuntun, wá sí Kàbà, mo mọ dókítà tí a lè jọ bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹlẹ́rọ Omi

Ẹ ṣeun, Mà. Ọmọ Ìjùmú, o kò parọ́ mọ́ mi. N kò lọ Lọ́kọ́ja. N kò ní àwíjàre.

Mo jẹ́ ẹ̀rí náà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Fọ́tò pọ́ǹpù nìkan ni mo fi hàn, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan, “pepani”, bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, bó bá kọsẹ̀ “pepani”, bó bá ṣọ̀fọ̀ “pepani”. Àwọn ọmọdé ṣì ń fi kí mi lójú ọ̀nà. Mo wá sọ ti ìyá onísípánà. Kò sẹ́ni tó béèrè dọ́là. Bàbá àgbà kan tó máa ń sùn nígbà ìwàásù ló sọ láti ẹ̀yìn pé, “Tiwa dà?” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n rí i lọ́jọ́ kejì. Ilé olóògbé tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù tẹ́lẹ̀ ló wà, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìdérí ike gààrí kí eku má baà wọ̀ ọ́.

Mo tú pọ́ǹpù náà ní Tusidé, ìyá mi gbé àpótí jókòó tì mí. Ẹ gbọ́ ìtìjú: kì í ṣe wáṣà. Ìkọ́ ọ̀pá kejì láti òkè ló ti jẹ, ó já, ìyókù rọ̀ sísàlẹ̀. Oṣù mélòó ni mo fi ń sọ wáṣà, láìtíì ṣí i wò! A ti fa ìyókù jáde. Ta ni yóò máa mú sípánà lọ́wọ́ ni wọ́n ń jà sí báyìí. Olórí àdúgbò ní òun ni, àwọn ìyá ní àwọn ni torí àwọn ló ń pọnmi, ó ṣì wà nínú àpò iṣẹ́ mi.

N kò rí ọ̀pá náà rà ní Kàbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìlọrin kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ra ọ̀pá Afridev kan, onírin tí kì í dípẹtà ni o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èkejì fún yín. N ó fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó wọkọ̀.