Kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ni kí n rà fún ọmọ tí ó ń wọ yunifásítì, tí owó mi kò ju ₦350,000 lọ?

Bàbá Tóyìn, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Wọ́n ti gba ọmọ mi ọkùnrin wọlé láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ti sọ fún mi pé òun kò lè máa fi fóònù tẹ iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ bá fún òun. Owó tí mo lè yọ sílẹ̀ kò kọjá ₦350,000. Word àti Excel ni yóò lò jù, yóò máa ka ìwé lórí rẹ̀, bí ó bá sì di ọdún ìkẹyìn, SPSS, ètò tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà, yóò wọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí. Òun fúnra rẹ̀ fi kún un pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbé géèmù bọ́ọ̀lù àti GTA. N kò bá a jà lórí ìyẹn, nítorí pé ọmọ tí kò bá rí géèmù gbá nínú yàrá rẹ̀ yóò wá a lọ sí yàrá ẹlòmíràn.

Ọlọ́jà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ hàn mí, i7 ni, ó sì ń dán gbinrin. Ọlọ́jà kejì ní 840 G5 tí ó jẹ́ i5, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti họ, owó kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń pè. Ojú mi ń lọ sí i7 náà. Kí ni ẹ rí sí i?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ fi i7 yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Kì í ṣe i7 tàbí i5 ni a ń kọ́kọ́ wò lára kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ìran processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ni, nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni yóò sì sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá rí i7-6600U, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú 840 G3, ìran kẹfà ni. Bí ẹ bá rí i5-8250U, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú G5, ìran kẹjọ ni. Core, ìyẹn ẹ̀ka tí ń ṣiṣẹ́ nínú processor, méjì péré ni ó wà nínú i7-6600U, mẹ́rin ni ó wà nínú i5-8250U. Nígbà tí ọmọ bá ṣí Excel, tí ìwé PDF mẹ́ta wà ní ṣíṣí, tí Chrome náà sì ń jẹ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, i5 tí ara rẹ̀ họ yẹn ni kò ní í mí gúlegúle.

Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0, èròjà ààbò kan tí ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí G3, yóò sì ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó pé ọdún mẹ́rin ni ọmọ yóò fi lò ó.

Ní ti dídán, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Èmi tí mo ń tú wọn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi ọ̀dà kùn tàbí tí wọ́n ti lẹ ike tuntun mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ tòkunbọ̀ rárá. A kò mọ ẹni tí ó ti lò ó, a kò mọ bí ó ṣe lò ó, bí ó bá sì kú, ta ni a óò mú? Tuntun ni mo rà fún ọmọ mi tí ó wà ní Babcock ní Ìlíṣàn, ìwé wáráńtì ọdún kan sì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá, ẹ fi owó yẹn ra èyí tí ó wà nínú páálí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wáráńtì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tí ó sábà máa ń wà nínú páálí tí owó rẹ̀ kò ga: Celeron N4020, processor tí kò lágbára, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB, àti ibi ìpamọ́ 64GB tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí a kò lè yọ pààrọ̀. Windows nìkan yóò ti jẹ ibi tí ó pọ̀ nínú 64GB náà kí ọmọ tó fi fáìlì kan sí i. RAM rẹ̀ náà kì í sábà ṣeé fi kún. Ẹni tí ó bá ní owó tí ó ju ti Bàbá lọ dáadáa lè ra tuntun tí ó ní láárí. Ní iye tí wọ́n dá yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní òkè òkun ni yóò pẹ́ jù.

Ọmọ Mini Campus

Bàbá, ẹ̀gbọ́n atúnṣe ti sọ èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n fo géèmù, bẹ́ẹ̀ ohun tí àbúrò mi yóò kọ́kọ́ dán wò nìyẹn. Intel UHD 620 ni ó ń ya àwòrán nínú 840 G5. Yóò gbé PES 2017, géèmù bọ́ọ̀lù, àti GTA San Andreas láìsí wàhálà. GTA V ni yóò máa fà lórí rẹ̀, ó sì ń gba ààyè tí ó ju 70GB lọ, nítorí náà bí SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ náà, bá jẹ́ 128GB, kí ó gbàgbé rẹ̀. Kí ẹ wá 256GB.

Bí ẹ bá lè rí EliteBook 745 G5, ẹ wò ó dáadáa. Ó fi ojú jọ 840 G5, ṣùgbọ́n processor AMD Ryzen ni ó wà nínú rẹ̀ dípò ti Intel. Èyí tí ó bá ní Ryzen 5 2500U ní Vega 8 tí ń ya àwòrán, tí ó lágbára ju UHD 620 lọ fún géèmù, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn processor tí Microsoft gbà fún Windows 11, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa Windows lórí G3 kan òun náà. Kò sì wọ́pọ̀ ní ọjà bíi ti Intel, nítorí náà ẹ má torí rẹ̀ dúró títí ìforúkọsílẹ̀ yóò fi parí.

Ohun kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ ni bí wọ́n ṣe to RAM. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní RAM ti àwòrán lọ́tọ̀, inú RAM kan náà ni wọ́n ti ń yá a lò. Ẹyọ 4GB méjì ń mú kí géèmù yá ju ẹyọ 8GB kan ṣoṣo lọ, nítorí pé ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà kọjá. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí Task Manager, kí ó tẹ Performance, lẹ́yìn náà Memory. Bí ẹ bá rí “Slots used: 1 of 2” níbẹ̀, ihò kan ṣófo, ẹ lè fi òmíràn kún un lọ́jọ́ iwájú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé iná ni ẹ̀ ń rò jù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé tí a ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, Lenovo ThinkPad T480 ní bátìrì méjì: ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan ṣeé yọ lẹ́yìn láìpa ẹ̀rọ. Èmi ìbá yàn án ju HP lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní kò rẹwà.

Bàbá Tóyìn, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. 840 G5 náà ni n óò padà lọ wò. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, pé ó dínwó níbẹ̀. Ṣé ó tó ohun tí a ń lọ Èkó fún?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ó lè dínwó lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ro owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tún ro ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège tí ẹ óò tún gbé e padà. Ìjẹ̀bú kì í ka owó lẹ́ẹ̀kan. Mo fara mọ́ ọlọ́jà tí ẹ lè dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti wúlò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó ṣí Command Prompt, kí ó tẹ powercfg /batteryreport, kí ó sì ṣí ìwé tí yóò gbé jáde. Ẹ fi iye tí ó wà níwájú “Full charge capacity” wé “Design capacity”. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì ti èkejì, bátìrì ti fẹ́ lọ, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Lẹ́yìn náà, kí ó pa á, kí ó tàn án, kí ó sì máa tẹ F10 bí ó ti ń jí. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dìde níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ni ó tì í pa.

Ẹ gba ṣájà 65W lọ́wọ́ rẹ̀. G5 ń gba iná láti ihò USB-C pẹ̀lú, nítorí náà bí ti inú àpò bá bàjẹ́, ọmọ lè yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti fóònù kékeré.