Kẹ̀kẹ́ òkè gbọingbọin: ìdí tí “líle” àti “aláìníṣọ́ọ̀kì” kò fi tíì tẹ́ mi lọ́rùn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀, mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni kí a wá orúkọ Yorùbá fún kẹ̀kẹ́ òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gun òkè àti ọ̀nà gbágungbàgun, irú èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń gba ìgbọ̀n ọ̀nà) níwájú, tí kò sì ní lẹ́yìn, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rigid. Ẹni tó dá ìjíròrò náà sílẹ̀ dábàá “kẹ̀kẹ́ òkè líle”, ó sì fi kún un pé òun kò rí ohun tó lè mú ẹni tí agbára rẹ̀ ká ṣọ́ọ̀kì yan irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìfẹ́ ìyà. Ẹnì kejì ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kí a pè é ní “kẹ̀kẹ́ aláìníṣọ́ọ̀kì” kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí orúkọ náà jẹ́ kí a mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ yìí kì í tẹ̀, ẹni tó gùn ún ni ó ń tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà, àbá méjèèjì kò sì dé ibẹ̀.

Kí n bẹ̀rẹ̀ lórí “líle”. Nínú “kẹ̀kẹ́ òkè líle”, kí ni ó le? Bí a bá ka ọ̀rọ̀ náà sí etí ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ, òkè ni yóò rò pé ó le, yóò sì gbà pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè tó ṣòro ni à ń wí. Èyí sún mọ́ òdìkejì ohun tí a ní lọ́kàn, nítorí kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lè tẹ̀ wọlé tó mìlímítà 160, ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbé lọ sí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ “le” fúnra rẹ̀ tún gbòòrò. Iṣẹ́ le, àìsàn le, ojú le, ẹnu le: ìnira wà nínú gbogbo wọn. Òótọ́ ni pé àdúrà ni ara líle, àti pé kò sí ẹni tí a óò bi pé ṣé ara le tí yóò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí èèyàn ń jókòó lé, ìnira ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́. N kò rò pé ó ṣèèṣì ni ẹni tó dábàá “líle” fi rí ìyà nínú kẹ̀kẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó mú ni ó ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

“Aláìníṣọ́ọ̀kì” kò ní àléébù ti gírámà, ó sì yé ẹni gbogbo. Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni “aláìní”. Aláìníbaba, aláìníláárí, aláìnítìjú: ẹni tí nǹkan tó yẹ kó ní kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni “aláìní” lásán sì ni tálákà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè fi “aláìlẹ́gbẹ́” àti “aláìlábàwọ́n” dá mi lóhùn, pé ìyìn ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àbàwọ́n jẹ́ ohun tí a kò fẹ́, aláìlẹ́gbẹ́ sì ti ta gbogbo èèyàn yọ. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe àbàwọ́n. Bí a bá wá pe kẹ̀kẹ́ náà ní aláìníṣọ́ọ̀kì, ohun tí a ń sọ ni pé ó yẹ kí ó ní in, pé wọ́n yọ ọ́ kúrò tàbí pé owó kò tó o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìtàn kẹ̀kẹ́ òkè fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ Schwinn ti ṣe láti àwọn ọdún 1930 àti 1940, tí táyà wọn fẹ̀, tí irin wọn sì wúwo, wọ́n á gbé wọn gun òkè, wọ́n á sì já wọn wálẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń pè ní Repack. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe jẹ yọ: bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á yọ́, á sì rú èéfín, wọ́n sì ní láti tún gírísì mìíràn kì sí i kí kẹ̀kẹ́ tó lè já òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtúnkì gírísì ni wọ́n fi sọ ìdíje náà lórúkọ. Ní ọdún 1977, Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, ṣe Breezer, kẹ̀kẹ́ tí férémù rẹ̀ (egungun kẹ̀kẹ́) jẹ́ titun, tí ó ti ní òkè lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ Stumpjumper jáde, tí ẹni gbogbo sì lè rà. Kò sí ṣọ́ọ̀kì nínú Breezer àti Stumpjumper. Ọdún 1989 ni fọ́ọ̀kì (apá irin méjì tó di táyà iwájú mú) tó ní ṣọ́ọ̀kì, èyí tí ilé-iṣẹ́ RockShox ṣe, jáde, láti ìgbà náà wá sì ni èyí tó kọ́kọ́ wà ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi orúkọ àfikún pè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tiwa. Ọkọ̀ tí à ń pè ní ọkọ̀ lónìí, èyí tó ń gba ojú omi ni níjọ́un, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé “ọkọ̀ ojú omi”, nítorí kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ìgbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ dé, tí ọkọ̀ òfuurufú tún tẹ̀ lé e, ni ti àkọ́kọ́ wá gba àpèjúwe. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé a kò pè é ní “ọkọ̀ aláìlẹ́sẹ̀”. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni a fi pè é. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn fún kẹ̀kẹ́ yìí: ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gbòǹgbò igi kan dábùú ojú ọ̀nà tí mo máa ń gbà, ó tutù, ó ń yọ̀, ó sì nípọn tó ọrùn ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì ni mo gùn débẹ̀, fọ́ọ̀kì á tẹ̀ wọlé, á sì tún na ara rẹ̀, mo sì lè kọjá láìmọ̀ pé gbòǹgbò wà níbẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ tèmi, òkèèrè ni mo ti gbọ́dọ̀ rí i. Mo ti dìde kúrò lórí ìjókòó kí n tó débẹ̀, ìgúnpá mi ti tẹ̀, orúnkún mi ti tẹ̀, gìgísẹ̀ mi sọ̀ kalẹ̀. Mo sún ara sẹ́yìn díẹ̀ kí iwájú kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́, mo sì kọjú táyà sí gbòǹgbò náà ní ìdábùú gan-an, nítorí bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kàn án, yóò yọ̀. Táyà á kọ́kọ́ wọnú bí ẹni ń bu nǹkan jẹ, nítorí ó fẹ̀ tó ìǹṣì 2.6, n kì í sì í fún un ní afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìgbà náà ni férémù á gbéra sókè, ọwọ́ mi á sì gbà á, apá mi á ká, àyà mi kò ní kúrò níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn á dé, orúnkún á sì ṣe tirẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ẹni tó bá gan lórí kẹ̀kẹ́ yìí, eyín rẹ̀ á wà lẹ́nu gbígbá mọ́ ara wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀, yóò kọjá bí omi.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ ìyà. Ẹni tó ń gun ún ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń bá ẹlòmíràn ṣe, ó sì ń gbádùn iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ijó ṣe ń gbádùn ìlù. Ọ̀nà tí mo ti mọ̀ mọ́ra tó ti ń sú mi lórí kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì di ọ̀nà titun lójú mi lọ́jọ́ tí mo gbé èyí débẹ̀, nítorí òkúta tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí mo gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Bí a bá dìde dúró láti tẹ pẹ́dàlì gun òkè, kò sí fọ́ọ̀kì tí yóò máa tẹ̀ wọlé tí yóò máa jẹ agbára ẹsẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ náà rọrùn. Fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì ní afẹ́fẹ́ tàbí sípíríńgì nínú, ó ní òróró, ó ní rọ́bà tó ń dí ẹnu rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é sì ní kí a máa tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ̀ ní gbogbo ìwọ̀n wákàtí 50 tí a bá gùn ún. Fọ́ọ̀kì tèmi, omi àti àkísà ni.

N kò ní í fi ìfẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òkúta bá pọ̀ tí ìsọ̀kalẹ̀ sì gùn, ọwọ́ máa ń kú, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì á sì fi wá sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ìsáré nìkan bá jẹ lógún kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wa.

Ó wá ku orúkọ. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “gígan” ni yóò jẹ, nítorí inú èdè Látìnì ni wọ́n ti mú un, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí i sì túmọ̀ sí kí nǹkan gan, pàápàá nítorí òtútù. Ó bá a mu débi tí ó fi dùn mí láti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òkú ni ó ń gan, ẹsẹ̀ tó ní àrùn ni ó ń gan, ẹni tí gìrì mú ni ó ń gan. Kò sí bí a ṣe lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a fẹ́ràn kí ó má bà á jẹ́.

“Gbọingbọin” ni mo yàn, ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ náà yóò máa jẹ́ “kẹ̀kẹ́ òkè gbọingbọin”. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n nínú ìwúre, pé gbọingbọin ni tòkè. Ó túmọ̀ sí ohun tí kì í yẹ̀, tí oríkèé rẹ̀ kì í mì, ohun tí férémù àti fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ yìí sì jẹ́ sí ara wọn gan-an nìyẹn: ìrìn ń bẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé etí so ó mọ́ òkè dípò kẹ̀kẹ́, irú èyí tó ba “líle” jẹ́, kò ní pa wá lára, nítorí ti òkè ni gbọingbọin tẹ́lẹ̀. Kò sí ìnira nínú rẹ̀, kò sì sí àìní.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé aláwòmọ́ ìró, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró ṣàpèjúwe nǹkan, kò yẹ fún orúkọ ohun èlò, mo fẹ́ kí ó rántí alùpùpù, tó jẹ́ pé dídún rẹ̀ ni a fi sọ ọ́. Àwọn ará California náà, klunker ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ wọn, láti ara ìró tí irin àtijọ́ máa ń mú jáde.

Fún àwọn ìbátan rẹ̀, n kò rí ìdí tí a fi ní láti wá ọ̀nà jíjìn: “kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì iwájú” àti “kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì” ti tó. Ẹnì kan dábàá “agbàgbọ̀n” fún ṣọ́ọ̀kì, ohun tó ń gba ìgbọ̀n. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọn kò fi àmì sí, ẹni tó ń gba agbọ̀n ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rò. Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè é lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò tíì rí orúkọ fún, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wá a. Nígbà tí táyà bá ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, nǹkan kan máa ń gba inú fọ́ọ̀kì wá sí àtẹ́lẹwọ́, ó máa ń yí padà bí ilẹ̀ bá di iyẹ̀pẹ̀, ó tún máa ń yí padà bí ó bá di amọ̀ tútù, débi pé mo lè di ojú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí n sì mọ ohun tí mo ń gùn kọjá. Ìgbọ̀n kọ́, nítorí kò tó ìgbọ̀n. Mo ti ń pè é ní “ohùn ilẹ̀” lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.