Yíya fọ́tò ẹyẹ tó yé ẹyin sórí iyanrìn odò Ọya

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayafọ́tò. Kàbà ni mo ń gbé. Lẹ́ẹ̀rùn, tí omi odò Ọya bá fà, ẹyẹ máa ń yé sórí iyanrìn tó yọ nítòsí Lọ́kọ́ja. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọ̀kan tó fi iyanrìn bo ẹyin rẹ̀, ó lọ ki ikùn bọ omi, ó padà wá fi omi náà mú ẹyin tutù kí oòrùn má baà sè é. Ọkọ̀ wa sún mọ́ ọn jù, ló bá fò lọ. Iyanrìn yẹn gbóná bí ààrò! Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ṣì ń dùn mí.

Lẹ́ńsì mi kò ju 300mm lọ, kò lè fa ohun tó jìnnà gan-an sún mọ́ tòsí, ọkọ̀ sì ń mì. Báwo ló ṣe yẹ kí n jìnnà tó? Ṣé kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí omi máa gbé wa kọjá jẹ́jẹ́? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.